Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Omi? Ìtàn Àṣẹ lórí Odò Ògùn àti Ọ̀sà Èkó, láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni kí á tọ pinpin ìtàn àṣẹ tí ó wà lórí omi Èkó, pàápàá jùlọ omi tí ó ń kọjá ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan wà, láti ọdún 1861 títí di òní, tí a yan iṣẹ́ fún pé kí ó máa ṣọ́ omi náà láti orísun rẹ̀ dé ibi tí ó ti ń bọ́ sí òkun. Èrò tiwa ni pé àwọn tí ó gba àṣẹ lórí omi yìí pọ̀, àwọn tí ó gba iṣẹ́ ìṣọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn tí ó sì ń gbé etí rẹ̀ kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń pín èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. A ó fi ẹ̀rí gbe èrò náà lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ èdè Yorùbá. Ní ilé-ìwé girama, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì odò àti òrìṣà odò, a sì máa ń bi wọ́n léèrè nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá dáhùn pé Yemọja ni ó ni odò Ògùn kì í lè sọ ẹni tí odò náà wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ nínú ìwé òfin. Àwọn tí a ń kọ́ ní Ajégúnlẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé omi odò Ògùn wà lára omi tí wọ́n ń rí láti orí afárá.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ àmì ohùn kúrò lọ́nà. Ògùn, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, ni orúkọ odò. Ògún ni òrìṣà irin. Nínú ìwé ìdánwò tí a ti yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbé odò lé alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́. Odò ni Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ orúkọ mọ́, kì í ṣe òrìṣà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn tún wà tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀, nítorí pé orí wọn ni àlàyé wa dúró lé. Èkínní ni wíwọ̀n, èkejì ni ṣíṣọ́, ẹ̀kẹta ni mímójútó. Ẹni tí ó wọn omi mọ bí ó ti tó lónìí. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ mọ ìgbà tí ó yí padà, ó sì lè ké sí ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ń mójú tó o ní agbára láti dá ẹni tí ó ń bà á jẹ́ lẹ́kun. Àwọn ìwé ìjọba sábà máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n.

ỌNÀ TÍ OMI NÁÀ Ń GBÀ

Agbègbè Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Abẹ́òkúta kọjá, odò Ọ̀fíkì àti odò Ọ̀yán sì ń dà sínú rẹ̀ lọ́nà. Ní ìsàlẹ̀ Ìṣẹrí ó fọ́n ká sínú àbàtà, ó sì wọ inú ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀ṣun ní tirẹ̀ ń wọ ọ̀sà Lẹ́kì, èyí tí ó so mọ́ ọ̀sà Èkó lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Láti ìwọ̀-oòrùn, odò Yewa ń wọ omi Àgbádárìgì, omi Àgbádárìgì sì ni ó so ọ̀sà Èkó mọ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Omi tí ó bá wọ ọ̀sà Èkó nínú gbogbo èyí, ẹnu kan ṣoṣo ni ó fi ń jáde sí òkun: ọ̀nà omi tí ó gba àárín erékùṣù Èkó àti Àpápá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní èbúté Àpápá ń wo ìgbẹ̀yìn ohun tí wọ́n ṣe ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo àti ní Ìlaròó.

Ní ọdún 1958, J. E. Webb, tí ó ń kọ́ni nípa ẹ̀dá abẹ̀mí ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀sà Èkó jáde. Ó fi hàn pé nígbà òjò, omi odò a máa ti omi iyọ̀ padà sí òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a tún padà wọlé, ohun abẹ̀mí inú ọ̀sà a sì máa yí padà tẹ̀lé e. Àwọn apẹja kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí; ìgbà tí omi bá ti pọ́n ni wọ́n ti mọ̀ pé òkè ló ti wá. Ṣùgbọ́n ó dára kí ó wà nínú ìwé, nítorí pé ohun tí a kọ sílẹ̀ ni a fi ń ṣe ẹjọ́.

Ó yẹ kí á tún ṣàlàyé pé Ajégúnlẹ̀ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀kan ni Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn. Èkejì wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, lẹ́bàá Kétu, níbi tí odò Ògùn ti ń wọ ọ̀sà. Nígbà tí rédíò bá kéde pé omi ti gba Ajégúnlẹ̀, àwọn ẹbí tí ó wà ní ìlú mìíràn a máa dààmú kiri láti mọ èwo nínú méjèèjì.

ÀWỌN TÍ Ó KỌ́KỌ́ NÍ ÀṢẸ

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, àwọn Ìdẹ́jọ, ìjòyè onífìlà funfun, ni wọ́n ni ilẹ̀ Èkó àti àyíká rẹ̀: Ọlọ́tọ̀, Ọjọrà, Olúwa, Onísìwó, Arómirẹ́, Ọníru, Olúmẹ̀gbọ́n àti àwọn yòókù. Olúwa ni ó ni ilẹ̀ Àpápá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀; Ọjọrà ni àwọn ará Ìjọrà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ń wò lójú. Orúkọ Arómirẹ́ fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí omi jẹ́ fún wọn. Síbẹ̀ a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń sọ pé ayé ìgbà náà ni ayé rere. Ọjà ẹrú ni èbúté Èkó jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, àṣẹ lórí omi sì ni àṣẹ lórí owó tí ó ń ti ibẹ̀ wá. Bákan náà ni ó rí lókè odò. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi ń kó epo pupa láti Abẹ́òkúta wá sí Èkó lójú odò Ògùn, nígbà tí ìjà sì dé láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní àwọn ọdún 1860, lásìkò Glover, àwọn Ẹ̀gbá a máa ti ọ̀nà. Ẹni tí ó wà lókè ni ó ń ṣí i, tí ó ń tì í. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ebi ń pa. A ó tún rí irú èyí níwájú.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni ó wà nínú ìwé náà. Èbúté ni ó ṣáájú, kí erékùṣù tó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tún fa ààlà tí ó ya ilẹ̀ Àjàṣẹ́ kúrò lára ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Èkó. Omi kan náà di omi orílẹ̀-èdè méjì.

Ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ nínú omi náà kì í ṣe ìlera rẹ̀. Ìṣòro tiwọn ni iyanrìn tí ó dí ẹnu ọ̀nà òkun, tí àwọn atukọ̀ ń pè ní bàà. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé, Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké. Nítorí náà, láti ọdún 1908, lásìkò Gómìnà Walter Egerton, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà náà kí omi lè gbá iyanrìn lọ. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ọkọ̀ ojú omi ń wọn ìjìnlẹ̀ ẹnu ọ̀nà yìí láìsinmi, nítorí pé ìwọ̀n kan tí kò bá tọ́ lè gbé ọkọ̀ kan lẹ́sẹ̀. Wíwọ̀n wà, ṣùgbọ́n nítorí ọkọ̀ ni. Òkúta tí ó dá iyanrìn dúró ní ìwọ̀-oòrùn kò sì jẹ́ kí iyanrìn dé ìlà-oòrùn mọ́: òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí Bar Beach. Gbogbo owó tí ìjọba ti ná láti kó iyanrìn padà síbẹ̀ láti ìgbà náà, gbèsè òkúta ọdún 1908 ni.

Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá ni ó gba ìròyìn jù ní àkókò yìí, ó sì yẹ kí á dúró lé e lórí díẹ̀. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tíí ṣe Olúwa, béèrè owó gbà-má-bínú. Ilé-ẹjọ́ Èkó dá a pé kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀, pé àṣẹ àbójútó lásán ni ó ní. Ní ọdún 1920, Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀, ọ̀pá tí ó di wàhálà ńlá fún Ọba náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, láti ẹnu Viscount Haldane, dá ẹjọ́ náà padà: ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ará ìlú tí Olúwa ń ṣojú fún, owó tí ìjọba yóò san sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní kíkún. Ìṣẹ́gun ńlá ni, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ẹjọ́ náà dá lé. Àwọn tí ó ń pẹja ní etí ilẹ̀ náà kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí òfin kan tí ó fi omi ṣe ohun tí a lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Nígbà tí èbúté Àpápá ṣí ní ọdún 1926, gbogbo etí omi ibẹ̀ di ti ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi mímu náà wà nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 1908 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ fárí ìjà lórí owó omi ẹ̀rọ, ó sì tún le ní ọdún 1916. Ibi tí wọ́n ti ń fa omi náà wá ni Ìjù, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ omi ní ọdún 1910. Àwọn òpìtàn sábà máa ń sọ ìjà náà bí ọ̀rọ̀ owó-orí nìkan. Lójú tiwa, ohun mìíràn wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ará ìlú ń béèrè ni pé ta ni ó bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe ètò náà, ta ni yóò sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìbéèrè yìí kò tíì kúrò nílẹ̀.

KANÁÀLÌ KAN, ÌJỌBA MÉJÌ

Bí a bá fẹ́ fi ohun kékeré ṣàlàyé ohun ńlá, kò sí ibi tí ó dára ju ààlà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ lọ. Ní ọdún 1954, òfin tuntun yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì di ilẹ̀ Ìjọba Àpapọ̀. Ẹgbẹ́ Action Group bínú sí i gidigidi. Ibi tí wọ́n fa ìlà náà gbà ni ó ṣe pàtàkì fún wa: Àpápá bọ́ sí inú ilẹ̀ Ìjọba Àpapọ̀, Ajégúnlẹ̀ wà ní òdìkejì, ní Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ tí àwọn méjèèjì sì bọ́ sí abẹ́ òrùlé kan. Títí di òní, Boundary ni orúkọ ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, àwọn ọmọ tí ó ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò sì bi ara wọn pé ààlà kí ni.

Ní Àpápá, ìgbìmọ̀ LEDB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1928 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku fà ní Èkó, kó iyanrìn dí àbàtà ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n la títì, wọ́n la gọ́tà, wọ́n pín ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ àti fún ilé àwọn òyìnbó. Ní Ajégúnlẹ̀, kò sí ẹni tí ó ṣe ètò kankan tí ó jọ ọ́. Àwọn tí ó ń já ẹrù ní èbúté, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Àpápá ní láti sùn níbìkan. Ajégúnlẹ̀ ni owó wọn ká. Àwọn Ìjọ, Ìlàjẹ, Ìgbò, Urhobo, Haúsá, Ègùn, gbogbo wọn ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn Àwórì. Wolé-wolé Èkó lè wọ ilé ní Àpápá láti wo àmù omi àti ṣáláńgá. Tí ó bá dé ẹ̀gbẹ́ kan kanáàlì, àṣẹ rẹ̀ tán. Ẹ̀fọn kò mọ ibi tí àṣẹ ti tán. Omi gọ́tà kò mọ̀ pẹ̀lú. A kò lè sọ pé ìlà yìí nìkan ni ó fà á tí omi fi ń dúró ní àwọn òpópó Ajégúnlẹ̀ lónìí, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlá gbáko tí ìjọba kan fi ń kọ́lé, tí ìjọba kejì sì ń wò ó, kì í ṣe ohun tí ó lè kọjá láìfi àpá sílẹ̀.

ÀJỌ ODÒ

Ní ọdún 1973, Ìjọba Àpapọ̀ dá àjọ ìdàgbàsókè odò méjì sílẹ̀ ní Àríwá. Ní ọdún 1976, wọ́n sọ ọ́ di 11, ọ̀kan nínú wọn sì ni Àjọ Ìdàgbàsókè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a fi odò, dípò ìlú tàbí ìpínlẹ̀, ṣe ààlà iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ wa, èrò tí ó jinlẹ̀ sì ni. Nínú òfin àwọn àjọ náà ní àwọn ọdún 1970, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ wọn ni láti dá ìbàjẹ́ odò, adágún, ọ̀sà àti omi kéékèèké dúró ní agbègbè wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ ọ̀sà nínú rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé, nínú ìwé, ẹnìkan wà tí a ní kí ó mójú tó omi láti Ṣakí títí dé Àpápá.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà? Ní ọdún 1984, ìjọba ológun sọ àjọ 11 di 18, kí ó lè bá àwọn ìpínlẹ̀ mu. Èyí nìkan ti ba èrò náà jẹ́, nítorí pé ààlà ìpínlẹ̀ tún gba ipò ààlà odò. Ní ọdún 1986 wọ́n padà sí 11 pẹ̀lú òfin mìíràn. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ àwọn àjọ náà nínú òfin ọ̀hún yóò rí ìsédò, omi rírin oko, dídá ìkún-omi àti ọ̀gbàrá dúró, títa omi fún àwọn tí ó ń lò ó, àti kíkó ìròyìn jọ nípa omi àti àyíká. Iṣẹ́ dídá ìbàjẹ́ odò àti ọ̀sà dúró kò sí níbẹ̀ mọ́. Wíwọ̀n ṣẹ́kù, mímójútó lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rí i pé wọ́n ti kó pàǹtí olóró láti Ítálì wá sí Koko, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Bendel nígbà náà. Ariwo ta. Ní òpin ọdún 1988, ìjọba fi òfin dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àyíká ní gbogbo Nàìjíríà. Àjọ NESREA ni ó gba ipò náà ní ọdún 2007. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ẹni tí ó ń sé omi ti yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìsédò Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1983, fi èyí hàn kedere. Ó lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 270 mítà oníhà mẹ́ta. Lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ ni kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò sì rí omi rin oko. Wọ́n gbé ẹ̀rọ iná mànàmáná sí i, ẹ̀rọ náà sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn olùwádìí fi rí i pé àtọ̀sí ajá ti di àrùn àwọn ọmọdé ní àwọn abúlé etí omi náà, nítorí ìgbín tí ó ń gbé àrùn yìí kiri fẹ́ràn omi tí kò ṣàn. Àjọ tí ó ń wọn omi mọ bí ó ti ga tó ní Ọ̀yán. Iṣẹ́ ta ni ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ọmọ abúlé?

Ní ìsàlẹ̀ odò, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà òjò, tí omi bá kún, wọ́n ní láti tú u sílẹ̀ kí ògiri má baà wó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ pàdé òjò tí ó ń rọ̀, ó sì lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú àti àwọn aládùúgbò wọn kúrò nílé. Lẹ́yìn èyí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bá àjọ odò ṣe àdéhùn pé díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa tú omi sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi tó Èkó létí ṣáájú. Èyí ni ohun tí ó súnmọ́ ìṣọ́ jùlọ nínú gbogbo ìtàn yìí, a sì yìn wọ́n. Síbẹ̀, ìjọba ni ó ń sọ fún ìjọba. Àjọ NIHSA, tí òfin ọdún 2010 dá sílẹ̀ láti máa wọn omi ilẹ̀ wa, a máa tẹ àsọtẹ́lẹ̀ ìkún-omi jáde lọ́dọọdún, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi ń kọ ọ́. Ìyá tí ó ń ta ẹja gbígbẹ létí odò Ògùn kì í rí i kà.

KORÍKO LÁTI ÀJÀṢẸ́

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, koríko olódòdó elésè-àlùkò kan yọ lójú omi Àgbádárìgì, láti ìhà Benin. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rò pé irú òjúoró ni. Kò pẹ́ tí ó fi bo ojú omi bí ẹní, ọkọ̀ àjẹ̀ kò lè kọjá, àwọ̀n kò lè wọlé, ẹ̀rọ ọkọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn. Omi odò ni ó fẹ́ràn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi iyọ̀ bá padà, púpọ̀ nínú rẹ̀ a kú, a rà, a sì máa rùn ní etí ọ̀sà. Gbogbo ohun tí Webb kọ ní ọdún 1958 wá di ohun tí a lè fi ojú rí láti orí afárá. Ìjọba fi ọkọ̀ kó o, wọ́n fi ọwọ́ kó o, ó ń padà wá lọ́dọọdún, nítorí pé ibi tí ó ti ń wá kò sí lábẹ́ àṣẹ Èkó, kò tilẹ̀ sí lábẹ́ àṣẹ Nàìjíríà.

Níbi tí omi ti kọjá ààlà orílẹ̀-èdè, àwọn mìíràn ti gbìyànjú. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ni ó wà nínú àjọ odò Ọya, tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ ní ọdún 1964, tí ó sì di àjọ ní ọdún 1980, olú-ilé rẹ̀ wà ní Niamey. Ní òpin ọdún 2014, Togo àti Benin fi ọwọ́ sí ìwé àjọ odò Mono. Ní Yúróòpù, ìgbìmọ̀ odò Rhine ti wà láti ọdún 1950, ṣùgbọ́n ìgbà tí ilé ìkẹ́rùsí oògùn Sandoz jóná lẹ́bàá Basel ní oṣù Kọkànlá ọdún 1986, tí omi panápaná gbé májèlé wọ odò tí ẹja sì kú lọ súà, ni àwọn ìjọba tó fi ọwọ́ líle mú un. Ó jọ pé àjálù ni ó máa ń kọ́ ìjọba ní ìṣọ́. Àwa náà ti ní Koko, a ti ní ọdún 2010.

ẸJỌ́ OJÚ OMI

Ọ̀rọ̀ àṣẹ dé ilé-ẹjọ́ nígbẹ̀yìn. Ìjọba Àpapọ̀ dá àjọ NIWA sílẹ̀ ní ọdún 1997 fún ojú omi inú ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2008. Àjọ méjì ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kan náà àti lọ́wọ́ awayanrìn kan náà. Ní ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ gíga Ìjọba Àpapọ̀ dá NIWA láre. Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Èkó láre lórí omi tí kò kọjá ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ yí i padà, ó ní Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ni àṣẹ. Ẹ fi èyí wé ìdájọ́ ọdún 2003, nínú èyí tí ilé-ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ ètò ilé kíkọ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ etí omi wà lọ́wọ́ kan, omi wà lọ́wọ́ kejì.

Ó yé wa ìdí tí àwọn ìjọba fi ja ìjà náà. Owó ìwé-àṣẹ kì í ṣe kékeré. Ohun tí ó ká wa lára ni pé ìwé-àṣẹ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Èbúté Àpápá àti ti Tin Can, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977 lẹ́yìn tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì dí ẹnu òkun Èkó pa, jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀. Àwọn àgbá epo ńláńlá tí ó tò sí etí omi ní Àpápá àti Kirikiri jẹ́ ti àwọn oníṣòwò. Gọ́tà jẹ́ ti ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. LASEPA ń wo ilé-iṣẹ́ fún Èkó, NESREA ń wo ilé-iṣẹ́ fún Ìjọba Àpapọ̀, NIOMR tí ó wà ní Victoria Island láti ọdún 1975 ń ṣèwádìí ẹja àti òkun. Ìwọ̀n ń bẹ ní ọwọ́ olúkúlùkù. Bí ẹja bá léfòó lẹ́yìn Tin Can ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, apẹja tí ó kọ́kọ́ rí i kò mọ ilé-iṣẹ́ tí òun lè kàn sí, bí ó bá sì mọ̀ ọ́n, èdè tí wọn yóò fi gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe èdè tí ó fi rí i.

Omi kan náà ni a sì ń mu. Láti ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ omi Adìyán ti ń lo omi odò Ògùn tí wọ́n ń fà ní Àkúté, èyí tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, fún àwọn ará Èkó. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ omi ti gbẹ, ọwọ́ mẹ́ruwà ni a ti ń ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì, kò sì sí ẹni tí ó ń bi mẹ́ruwà léèrè ibi tí ó ti pọn ọ́n.

Àwa olùkọ́ mélòó kan ní àdúgbò yìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà. Wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn apẹja, àwọn tí ń wa yanrìn àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń lò sílẹ̀: omi pọ́n, omi dùn, omi korò, omi rùn, omi ń rú, omi ń fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ọmọ tí ó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ sí, àti ohun tí ẹni tí ó sọ ọ́ rí lójú omi lọ́jọ́ náà. Ìwé àkọsílẹ̀ méjì ti kún. A ti fi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, ti Àpápá àti ti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, a sì ń retí èsì. A bẹ àwọn tí ó ń kọ́ni ní Ìṣẹrí, ní Abẹ́òkúta àti ní Ṣakí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn, kí a lè fi ọjọ́ tí omi pọ́n lọ́dọ̀ wọn wé ọjọ́ tí ó pọ́n lọ́dọ̀ wa.